Màmá oníṣu dá ẹ̀san dúró

Nírọ̀lẹ́ àná, mo ń ná iṣu ní Ọjà-Ọba, Òṣogbo níbí, ni ọmọkùnrin kan bá gba iwájú wa kọjá pẹ̀lú ìgò fífọ́ lọ́wọ́. Wọ́n ti lu àbúrò rẹ̀ ní gáréèjì, ó ń lọ gbẹ̀san. Màmá oníṣu ò pariwo. Ó kàn lọ dí i lọ́nà, ó ki oríkì rẹ̀, ó ní: "Ọkọ mi, tó o bá gún un, ta ni ẹ̀gbọ́n tiẹ̀ náà máa wá bá? Ṣé kì í ṣe àbúrò rẹ yìí náà ni?" Ọwọ́ ọmọ náà ń gbọ̀n. Nígbà tó yá, ó ju ìgò sí gọ́tà, ó jókòó sórí àpótí, ó bú sẹ́kún.

Ìbéèrè yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Ní Ọ̀ṣun wa yìí, Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ jà ní 1981, wọ́n tún jà láti 1997 sí 2000. Ọ̀rọ̀ ibi tí oríkò ìjọba ìbílẹ̀ máa wà ló dá ti 1997 sílẹ̀, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ àtijọ́ ni kò jẹ́ kó tán bọ̀rọ̀.

Ní Chicago, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, Dókítà Gary Slutkin, onímọ̀ nípa àjàkálẹ̀ àrùn, sọ pé ìwà ipá ń ràn bí àrùn. Ètò tó dá sílẹ̀ ní 2000 máa ń rán àwọn tí àdúgbò mọ̀ dunjú lọ bá ẹni tínú ń bí kó tó gbẹ̀san. Irú wọn wà lọ́jà wa! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wọn láyè nípàdé lándílọ́ọ̀dù, kì í ṣe ìgbà tí òkú bá ti sùn la ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ránṣẹ́ pè wọ́n.