Kóòdù nìkan kọ́ ló ń po ọ̀dà ọkọ̀ àtijọ́

Ojú ọjọ́ mọ́ ní Ìbàdàn láti àárọ̀ yìí, kò sí kùrukùru, kò sí eruku ọyẹ́. Irú ọjọ́ báyìí ló dáa fún wíwo àwọ̀ ọkọ̀. Iná inú ṣọ́ọ̀bù máa ń tan ojú jẹ: ọ̀dà méjì á jọra lábẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá gbé ọkọ̀ jáde sí oòrùn, ilẹ̀kùn tí wọ́n tún ṣe á yàtọ̀ gedegbe bí aṣọ tí wọ́n lẹ̀.

Tí a bá fẹ́ tún apá kan ọkọ̀ àtijọ́ kùn kó lè bá ìyókù mu, kóòdù àwọ̀, ìyẹn nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ fún àwọ̀ ọkọ̀, la kọ́kọ́ ń wá. Lára ọ̀pọ̀ Toyota, ẹ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, ẹ wo òpó tí ilẹ̀kùn ń pa dé mọ́. Lórí àkọlé tó wà níbẹ̀, ẹ wá C/TR. Tí ẹ bá rí 1C0/FB40 níwájú rẹ̀, 1C0 ni àwọ̀ ara ọkọ̀, ìyẹn sílífà. Èyí tó kù jẹ́ ti inú ọkọ̀. 040 ni funfun wọn tó gbajúmọ̀. Ti Honda máa ń ní lẹ́tà, bíi NH-578, funfun nìyẹn náà. Tí M bá parí kóòdù Honda, metallic ni, ìyẹn ọ̀dà tó ní ìyẹ̀fun irin nínú; tí P bá parí rẹ̀, pearl ni, ìyẹn ọ̀dà tó ń tàn bíi péálì.

Kóòdù ń sọ àwọ̀ tí ọkọ̀ gbé jáde ní ilé iṣẹ́. Kò sọ bí àwọ̀ náà ṣe rí lẹ́yìn ogún ọdún nínú oòrùn. Tòkunbọ̀ pàápàá lè ti gba ọ̀dà mìíràn kó tó wọ̀lú. Ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì búùtù sókè, ẹ wo abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ fa rọ́bà etí ilẹ̀kùn díẹ̀. Tí àwọ̀ ibẹ̀ bá yàtọ̀ sí ti ìta, ẹ gbàgbé kóòdù yẹn.

Kódà tí kóòdù bá péye, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń po ọ̀dà pé oríṣi mélòó ni kóòdù yẹn ní. Kóòdù kan lè ní oríṣi mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé ilé iṣẹ́ àti ọdún yàtọ̀ síra. Ọ̀pọ̀ ló máa ń tú ìdérí kékeré ẹnu táǹkì epo, tí wọ́n á gbé e lọ fún apo-ọ̀dà. Ó dáa, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì fi kọ́ḿpáùǹdì, ìpara tí wọ́n fi ń dán ọkọ̀, bó eépá funfun tí oòrùn fi sí i lára. Ẹni tó bá po ọ̀dà mọ́ eépá yẹn, ọjọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ dán ọkọ̀ náà ni àwọ̀ méjèèjì á kọ ara wọn. Tó bá jẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì lẹ fẹ́ fín, ìdérí yẹn ò tó o, torí oòrùn tó ń pa bọ́nẹ́ẹ̀tì kò pa á bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé ọkọ̀ fúnra rẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn èyí, ẹ má gbà kí wọ́n fín ọ̀dà sára ọkọ̀ láì kọ́kọ́ fín in sórí páálí ìdánwò. Èmi gbà pé ibí yìí ni gbogbo iṣẹ́ wà. Ẹ fi primer (ọ̀dà ìpìlẹ̀) kan náà tó máa wà lára ọkọ̀ sí i, ẹ fín ọ̀dà lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta títí abẹ́ rẹ̀ kò fi ní hàn mọ́, kí ẹ máa dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá láàárín. Ẹ wá fi clear, ọ̀dà tí kò ní àwọ̀ tó ń mú ara ọkọ̀ dán, bò ó, torí láìsí clear, ọ̀dà kò ní tíì dán, kò sì ní jọ ohun tó máa dà. Nígbà tó bá gbẹ tán, ẹ gbé e mọ́ ara ọkọ̀ níta. Ẹ wò ó lójúkojú, kí ẹ sì tún wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Sílífà lè bá ara mu lójúkojú kó sì dúdú jù láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ̀kán ọ̀dà funfun díẹ̀díẹ̀ ló ń jẹ́ kó mọ́ sí i, àmọ́ tó bá pọ̀ jù, á pa dídán rẹ̀.

Ọwọ́ pẹ́ńtà náà ń yí sílífà padà. Tó bá fín in ní tútù jù, ìyẹ̀fun irin inú rẹ̀ á rì, àwọ̀ á ṣú. Tó bá fín in ní gbígbẹ láti òkèèrè, á mọ́ jù. Nítorí náà, ọwọ́ kan náà, gọ́ọ̀nù (ẹ̀rọ tó ń fín ọ̀dà) kan náà àti ìwọ̀n afẹ́fẹ́ kan náà ni kí wọ́n fi ṣe páálí àti ọkọ̀. Lásìkò òjò, tínà (ohun olómi tí wọ́n fi ń la ọ̀dà kó lè ṣàn) tó yára gbẹ máa ń fa omi afẹ́fẹ́ mọ́ra, á sì fi ọ̀dà sílẹ̀ ní funfun bí èéfín.

Ẹ má dá ọ̀dà dúró síbi tí ilẹ̀kùn parí. Ẹ fi sáńpépà nọ́ńbà 1000 àti omi ra ara tó kàn án, kí àwọ̀ rọra parẹ́ sínú rẹ̀, kí ẹ wá bo gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú clear. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni kí wọ́n po ọ̀dà tó máa tó iṣẹ́ náà, torí ìpò kejì kì í sábà bá ti àkọ́kọ́ mu. Ẹ da èyí tó bá ṣẹ́kù sínú ìgò, ẹ dé e pinpin, kí ẹ kọ kóòdù, oríṣi rẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n pò ó sí ara rẹ̀.