Ohun tí fọ́ọ̀mù ìtọ̀ kì í béèrè

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lọ́dọ̀ àwọn aláìsàn ìtọ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Nígbà tí èmi náà ṣì kéré nínú iṣẹ́ yìí, bàbá kan padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 6 tí wọ́n yọ pròsítéètì rẹ̀, ẹṣẹ́ tó wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀ ọkùnrin, nítorí jẹjẹrẹ. Mo gbé fọ́ọ̀mù IPSS síwájú, èyí tí a fi ń wọn ìṣòro ìtọ̀ (bí máàkì bá ṣe kéré tó ni ìṣòro ṣe kéré tó), mo ka ìbéèrè 7 inú rẹ̀ sí i létí, mo ro máàkì rẹ̀ pọ̀: 4 nínú 35. Kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ, 19 ni. Inú mi dùn. Mo ti ń kọ ọ́ sínú fáìlì pé ara ti yá nígbà tí bàbá dìde. Ó fi ọwọ́ kan di iwájú ṣòkòtò mú, ó ń rìn jẹ́jẹ́. Orí àga tó fi sílẹ̀ tutù. Táwẹ́ẹ̀lì ló ká sínú ṣòkòtò.

"Bàbá, ẹ ò sọ fún mi."

"Ṣé o bi mí ni?"

N ò bi í lóòótọ́. Fọ́ọ̀mù yẹn ń béèrè bóyá ìtọ̀ ń ṣẹ́ kù sínú, bóyá ó tún ń gbọ̀n èèyàn kí wákàtí 2 tó pé, bóyá ó ń dá dúró kó tún máa dà, bóyá ó ṣòro láti mú mọ́ra, bóyá kò lágbára, bóyá èèyàn ń fi ipá tì í jáde, àti iye ìgbà tí èèyàn ń jí tọ̀ lóru. Kò sí èyí tó béèrè bóyá ìtọ̀ ń já bọ́ fúnra rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, pròsítéètì yí ọ̀nà ìtọ̀ ká bí òrùka ṣe yí ìka ká. Tí wọ́n bá yọ ọ́, ohun tó ń fún ọ̀nà náà pa ti lọ, máàkì á wálẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣan tó kù nísàlẹ̀ nìkan ni yóò máa dá ìtọ̀ dúró báyìí. Bàbá bá wúkọ́, tàbí ó dìde lórí àga, ó ti tán.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi bírò kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ fọ́ọ̀mù: páàdì tó ń fa ìtọ̀ mu, mélòó lánàá? Àná ni kí ẹ bi wọ́n, torí tí ẹ bá ní "lójoojúmọ́", wọn á dín in kù. Kí ẹ sì bi wọ́n bó ṣe tutù tó. Ẹlòmíì ń pààrọ̀ 3 tí kò tutù rárá, ẹlòmíì ń gbé ẹyọ kan títí yóò fi wúwo bí òkúta.

Kí wọ́n tó wọ tíátà gan-an ni kí ẹ ti sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ bàbá gbà pé jẹjẹrẹ ló ń dí ìtọ̀ àwọn. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe òun. Ẹ̀gbẹ́ ìta pròsítéètì ni jẹjẹrẹ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí, kò sì ní í pariwo. Inú pròsítéètì tó ń wú bí ọjọ́ orí ṣe ń lọ ló ń fún ọ̀nà pa. Ẹni tí ìtọ̀ rẹ̀ dára tẹ́lẹ̀, tó jẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní PSA ló tú àṣírí jẹjẹrẹ rẹ̀, òun lẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́. Ọ̀kan sọ ọ́ sí mi lójú pé gbígbẹ lòun wọlé, a wá sọ òun di ọmọ ọwọ́. N ò rí èsì fọ̀.

Ẹ kọ́ wọn ní eré ìmárale iṣan ìdí ṣáájú iṣẹ́ abẹ, kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ rọ́bà ìtọ̀. Èmi kì í sọ̀rọ̀ dídíjú: "Bàbá, ẹ ṣe bí ẹni tó bọ́ sómi tútù tí nǹkan ọkùnrin rẹ̀ ń sá wọlé. Ẹ má mú ikùn le, ẹ máa mí." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n má sá fún omi mímu. Ìtọ̀ tó ki máa ń ta àpò ìtọ̀ jí ni. Ó lè gba oṣù mélòó kan, kódà ọdún kan. Bàbá oní-táwẹ́ẹ̀lì lo tó oṣù 8.

Tí páàdì bá wá dín kù, àmọ́ tí bàbá ní ìtọ̀ òun tún ti ń tín-ín-rín, ẹ má sọ pé àgbà ló dé. Ojú ibi tí wọ́n ti so àpò ìtọ̀ mọ́ ọ̀nà ìtọ̀ lè di àpá, kí àpá náà máa sún kì. Ẹ tètè pe dókítà kó yẹ ibẹ̀ wò, kí ìtọ̀ tó há mọ́ ọn.