Páásípọ́ọ̀tù Elépo: Àyẹ̀wò Ọdún 2025 Mi

Lálẹ́ ọjọ́ kejì Kérésì, nígbà tí àwọn àlejò ti lọ tán tí mo sì ti fọ ìkòkò tó kẹ́yìn, mo ṣí dúrọ́ọ̀ láti wá páásípọ́ọ̀tù mi. Ọjọ́ rẹ̀ ti pé láti oṣù kọkànlá, mo sì gbọ́dọ̀ lọ gba tuntun. Méjì ni wọ́n, rọ́bà ni mo fi dè wọ́n pọ̀: èyí tó parí lọ́dún 2020 àti èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí yìí. Mo ní kí n kàn jù wọ́n sínú báàgì ni o, àmọ́ ọwọ́ mi ṣí ojú ìwé kan, ó ṣí èkejì, nígbà tí màá fi gbójú sókè, aago kan òru ti lù.

Iṣẹ́ àkáǹtì ni mò ń ṣe. Ọdún kan ò lè parí kí n má jókòó ti ohun tó wọlé àtohun tó jáde. Ti ìrìn àjò ọdún yìí ò gba àkókò: mi ò wọ bàálù rárá. Mo béèrè físà lẹ́ẹ̀kan. Àwọn tí mo béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wọn gba owó, wọ́n sì dá ìwé mi padà, wọ́n ní kò dá àwọn lójú pé màá padà sílé. Èmi tí mo ní ilé, ẹbí, àti ewúrẹ́ mẹ́ta n'Íbàdàn! Ta ni màá fi ewúrẹ́ sílẹ̀ fún?

Nígbà tí ìnáwó ọdún yìí kò tó nǹkan láti ṣírò, mo bá ṣí ìwé gbogbo ìrìn àjò àtẹ̀yìnwá. Mo kọ iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbà lọ́wọ́ mi sí apá òsì. Apá ọ̀tún ni mo kọ ohun tí mo ṣì rántí níbẹ̀ sí, láìwo fọ́tò. Ẹ má bínú, Lọ́ńdọ̀nù ò sí níbẹ̀. Lọ́ńdọ̀nù kì í ṣe ìrìn àjò, ilé àbúrò mi ni. Peckham la ti máa ń lọ ra èlùbọ́, a ó jà lórí ta ló máa fọ abọ́, màá sì padà wálé.

Dubai, 2019. Òun ló gbówó jù nínú gbogbo wọn. A gun Burj Khalifa, ilé tó ga tó mítà 828. Àjà 124 ni wọ́n gbé wa dé, mo wo ìsàlẹ̀, mo rí títì, mo rí iyanrìn. Apá ọ̀tún ìwé mi kò ju ọ̀rọ̀ méjì lọ: "Etí dí." Ìyá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi tí àwa méjèèjì jọ máa ń dájọ fún ìrìn àjò, ní irọ́ ni mò ń pa, pé àwa méjèèjì la jọ pariwo lókè ibẹ̀. Ó ṣeé ṣe. Mi ò rántí.

Dakar, 2016. Kò gbà tó ìdajì owó Dubai, wọn ò sì béèrè físà lọ́wọ́ àwa ará ECOWAS, àmọ́ apá ọ̀tún ìwé kún dé ìsàlẹ̀. Ilé ìyá àgbàlagbà kan la wọ̀ sí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó ní ká wá jẹun. Ẹní la tẹ́ sílẹ̀, abọ́ ńlá kan ṣoṣo wà láàárín ẹni mẹ́jọ. Ceebu jën ni, ìrẹsì àti ẹja, pẹ̀lú kárọ́ọ̀tì, ìgbá àti ẹ̀gẹ́. Ẹnì kọ̀ọ̀kan, iwájú rẹ̀ ni yóò ti jẹ. Ìyá yìí á fi ọwọ́ já ẹja, á tì í sí iwájú mi, á já ẹ̀gẹ́, á tì í sí iwájú Ìyá Ìbejì, kò wo ojú wa, kò sì dúró. Wọ́n wá ha eèpá ìsàlẹ̀ ìkòkò, wọ́n gbé e wá bí ẹní gbé ẹran ìyàwó wá. Nílé wa, ẹni tó bá fọ ìkòkò ni ìyá mi máa ń fi ìyẹn tù nínú.

Èmi tí mo ti ń bá àwọn ará Gáná jà lórí jollof fún ogún ọdún, ọjọ́ náà ni mo panu mọ́. Jolof lorúkọ ìjọba àwọn Wolof ilẹ̀ Senegal láyé àtijọ́, orúkọ tiwọn la fi ń pe ìrẹsì tiwa. Nígbà tí UNESCO wá fi ceebu jën sínú àwọn àjogúnbá aráyé lọ́dún 2021, mo fi ìròyìn náà ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí, kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn.

A tún wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí erékùṣù Gorée, bí ogún ìṣẹ́jú sí etíkun Dakar. Ilé kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń kó ẹrú sí, ilẹ̀kùn rẹ̀ kan dojú kọ òkun tààrà. Mo dúró lẹ́nu rẹ̀, mo padà sẹ́yìn. Mi ò fẹ́ sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ nípa ibẹ̀.

Ó wá ku Salvador, ní Bahia, lórílẹ̀-èdè Brazil, oṣù kejì 2018. Ojú ìwé físà rẹ̀ nìyí lọ́wọ́ mi, epo pupa ṣì wà lára rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rojọ́ ọ̀nà. Brazil dojú kọ wa lódìkejì òkun bí ojúlé dojú kọ ojúlé. Ṣùgbọ́n láti Èkó, ìlà oòrùn la kọ́kọ́ forí lé, ó di Addis Ababa, ká tó wá yí padà sọdá gbogbo Áfíríkà àti òkun lọ sí São Paulo, ká tó tún wọ bàálù míì lọ sí Salvador. Ẹni tó bá fẹ́ ta aládùúgbò rẹ̀ lójú ilé lọ́rẹ kì í gba ẹ̀yìn ọjà.

Ọjọ́ kejì oṣù kejì ni wọ́n ń ṣe ọdún Yemọja ní àdúgbò Rio Vermelho. Lọ́dún náà, ọjọ́ Jímọ̀ ló bọ́ sí, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n ń wọ funfun níbẹ̀ nítorí Ọbàtálá, tí wọ́n ń pè ní Oxalá. Gbogbo etíkun funfun bí ẹní da òwú sí i. Àwọn apẹja kó òdòdó, lọ́fínńdà àti dígí sínú agbọ̀n, wọ́n gbé e wọ ọkọ̀, wọ́n gbé e lọ fún Yemọja lójú òkun. Ìyá Ìbejì, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì paraku, ká ọwọ́ mọ́ àyà pé òun ò bá wọn dá sí i. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbọ́. Ó ń jó ìlù.

Ẹ̀gbẹ́ títì ni obìnrin kan jókòó sí nídìí agbada, gèlè funfun, yẹ̀rì funfun tó fẹ̀ yí àga rẹ̀ ká. Ó ń bu ẹ̀wà lílọ̀ sínú epo pupa tó ń hó. Òórùn yẹn dá mi dúró bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ. Acarajé ni wọ́n ń pè é: àkàrà àti jẹ, wọ́n so méjèèjì pọ̀. Ó tóbi tó ìkúùkù ọkùnrin. Obìnrin náà fi ọ̀bẹ là á láàárín, ó rọ vatapá sí i, ìyẹn búrẹ́dì, edé, ẹ̀pà, omi àgbọn àti epo tí wọ́n sè pọ̀, ó da edé gbígbẹ lé e lórí, ó wá bi mí pé, "Quente?" Gbígbóná ni ìtúmọ̀ rẹ̀, àmọ́ ata ló ń béèrè. Wọ́n ti kì mí nílọ̀ tẹ́lẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó bu ata díẹ̀. Mo ní kó tún bù ú. Ó wò mí, ó bu sí i. Mo ní kó tún bù ú. Àwọn tó wà lẹ́yìn mi dákẹ́. Mo jẹ ẹ́ tán lójú rẹ̀, mi ò mumi. Nígbà tó gbọ́ pé Nàìjíríà ni mo ti wá, ó dìde nídìí agbada, ó fà mí mọ́ra, ó ní, "Axé!" Mo ní, "Àṣẹ, Ìyá."

Láti 2005 ni ìjọba Brazil ti kọ iṣẹ́ àwọn obìnrin yìí sínú ìwé àjogúnbá orílẹ̀-èdè. Mo rántí ìyá alákàrà ojú títì wa tí wọ́n ń fi pàṣán lé kiri.

Èkejì ni mo ń jẹ lọ́wọ́ tí mo fẹ́ yọ bébà tí mo kọ àdírẹ́sì òtẹ́ẹ̀lì sí, inú páásípọ́ọ̀tù ni mo tọ́jú rẹ̀ sí. Epo kán sí i, tó! Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ní pápákọ̀ òfurufú kan, ọ̀gbẹ́ni tó ń yẹ ìwé wò fi ìka ra ojú ibẹ̀, ó béèrè ohun tó jẹ́. Mo ní oúnjẹ ni. Ó gbé e sí imú. Ó lu òǹtẹ̀.

Lọ́jọ́ tá a máa kúrò, a gun òkè olókùúta Pelourinho lọ wo ṣọ́ọ̀ṣì aláwọ̀ búlúù kan, Rosário dos Pretos, tí àwọn ẹrú àtàwọn Adúláwọ̀ tó ti gbòmìnira kọ́ fún ara wọn ní nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún sẹ́yìn. Ilé aago méjì ló wà lórí rẹ̀, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, iwájú rẹ̀ rí bíi búrẹ́dì tó wú. Mo ya fọ́tò kan, a sáré lọ bá ọkọ̀.

Istanbul, 2022. Mo rí Ayasofya, ilé ìjọsìn àtijọ́ tí wọ́n parí lọ́dún 537, ó sì tóbi lóòótọ́. Àmọ́ ọkọ̀ ojú omi ni ìfẹ́ mi, èyí tó ń gbé èèyàn láti Eminönü ní apá Yúróòpù lọ sí Kadıköy ní apá Éṣíà. Wọ́n á gbé tíì fún ẹ nínú ife kékeré, ẹyẹ òkun á máa fò tẹ̀ lé ọkọ̀ nítorí búrẹ́dì. Mo lọ, mo bọ̀, mo lọ, mo bọ̀, lọ́jọ́ kan ṣoṣo, mi ò níbi tí mò ń lọ. Ìyá Ìbejì wà ní Laleli, ibi tí àwọn èèyàn wa ti ń rajà, níbi tí ará Òṣogbo kan ti kígbe láti òdìkejì títì pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má ra tibẹ̀ yẹn o!"

Nígbà tí físà wá kọ̀ lọ́dún yìí, Ìyá Ìbejì ní, "Ṣé àwa ò lẹ́sẹ̀ ni?" Nínú oṣù kẹjọ, a wọ mọ́tò gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá, ó di Àjàṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo. Mo fi owó kún owó fún àwọn kan lójú ọ̀nà kí wọ́n tó jẹ́ ká kọjá, mo kọ ìyẹn náà sí apá òsì. Ọlọ́kadà gbé wa yí kọ́nà kan báyìí, mo pariwo pé kó dúró.

Ṣọ́ọ̀ṣì Salvador ló wà níwájú mi. Ilé aago méjì, ọ̀kan lósì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, iwájú tó wú bíi búrẹ́dì. Àmọ́ mọ́ṣáláṣí ni. Àwọn Àgùdà tó jẹ́ Mùsùlùmí ló kọ́ ọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, àwọn tí wọ́n kó baba wọn lẹ́rú lọ sí Bahia tí wọ́n sì rí ọ̀nà padà wá. Iṣẹ́ bíríkìlà tí wọ́n kọ́ lọ́hùn-ún, òun ni wọ́n fi kọ́lé Ọlọ́run nílé. Ọjọ́ méjì ni mo fi jókòó nínú bàálù kí n tó rí èyí tó wà lọ́hùn-ún, èyí tó wà nílé ò ju ọ̀nà mọ́tò lọ. Bẹ́ẹ̀, mo ti ń gba Pópó Àgùdà kọjá l'Ékòó láti kékeré, mi ò bi ẹnikẹ́ni ní ohun tí orúkọ náà jẹ́.

Bàbá kan jókòó sí ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i, ó fi Yorùbá Àjàṣẹ́ dá mi lóhùn. Mo wá fọ́tò 2018 nínú fóònù, mo fi hàn án. Ó gbé fóònù súnmọ́ ojú, ó gbé e jìnnà, ó tún gbójú sókè wo mọ́ṣáláṣí. Ó ní, "Ó jọ ọ́ o. Àgbélébùú yín ló bà á jẹ́." Ẹ̀rín pa Ìyá Ìbejì títí ó fi di ọ̀pá ìdúró mú.

Apá òsì Àjàṣẹ́ ò tó owó físà tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi lásán. Apá ọ̀tún, ojú ìwé kan ò gbà á.

Oṣù Ṣẹ́rẹ́ ni wọ́n ní kí n wá ya fọ́tò páásípọ́ọ̀tù tuntun. Mo nu ẹ̀yìn àwọn méjèèjì, mi ò fọwọ́ kan ojú epo. Ìyá Ìbejì ti tún bẹ̀rẹ̀ àjọ. Ó ní Kúbà ló kàn, pé ní Regla, lódìkejì omi sí Havana, Màríà dúdú tí wọ́n ń pè ní Yemọja wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Mo bi í pé ọ̀nà wo la máa gbà débẹ̀. Ó ní ìlà oòrùn náà ni ṣá, Istanbul la máa gbà. Mo ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, kó bá wa wá èyí tó máa jẹ́ ká dúró níbẹ̀ di ọjọ́ kejì, ọkọ̀ ojú omi kan wà tí mo fẹ́ wọ̀.