Láti Ìwó Road dé Marina

Aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo dé gáréèjì ní Ìwó Road. Aago mẹ́wàá ni wọ́n fẹ́ rí mi ní Marina. Mo ti ṣírò rẹ̀ lórí ibùsùn: ọ̀nà márosẹ̀ Ìbàdàn sí Èkó kò ju kìlómítà 127 àti díẹ̀ lọ. Kí ló fẹ́ gba wákàtí márùn-ún níbẹ̀?

Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún màmá tó jókòó tì mí, tó gbé ẹrù àdìrẹ lé ẹsẹ̀, tó ń lọ sí ọjà Balógun. Ó wò mí tàánú-tàánú. "Ọmọ mi, tó o bá fẹ́ dé Marina láago mẹ́wàá, àná ló yẹ kó o ti gbéra."

(Rélùwéè wà, mo mọ̀. Láti 2021 ló ti ń kó èrò láti Mọníyà lọ sí Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta, ṣùgbọ́n àkókò tó ń gbéra láàárọ̀ kò bá tèmi mu.)

Bọ́ọ̀sì ò tètè kún, aago mẹ́fà kọjá ká tó jáde. Ṣùgbọ́n ọ̀nà dán, dẹ́rẹ́bà sì tẹ iná. Ọdún 1978 ni wọ́n ṣí ọ̀nà yìí, nígbà ìjọba ológun Ọbásanjọ́. Ọdún 2013 ni iṣẹ́ àtúnṣe ńlá bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀, ojú wa sì rí nǹkan lọ́dún tí iṣẹ́ náà ń lọ lọ́wọ́. Ní Ṣàgámù, àwọn ọkọ̀ tó ń ti Bìní bọ̀ dara pọ̀ mọ́ wa. Ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ẹrù tó gúnlẹ̀ sí èbúté Àpápá ń gbà lọ sókè Ọya, ìdí nìyẹn tí tírélà fi pọ̀ bí eéṣú. A kọjá Mọ̀wé, a kọjá Ìbàfo, aago méje àbọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ lù ni. Mo ti ń rẹ́rìn-ín màmá lábẹ́lẹ̀.

Kárá ló pa ẹ̀rín náà. Ká tó gun afárá odò Ògùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà màlúù, ọkọ̀ dúró gbagidi. Dẹ́rẹ́bà paná. Òórùn màlúù wọlé tọ̀ wá. Kí n tó ṣẹ́jú, ọjà ti dé ojú títì: omi inú ọ̀rá, gálà, ẹ̀pà, ṣájà fóònù, àní aago ara ògiri.

Mo na ẹgbẹ̀rún kan sí ọmọkùnrin kan, mo gba ìpékeré. Ó ń wá ṣéńjì lápò nígbà tí ọ̀nà ṣí lójijì, dẹ́rẹ́bà sì gbéra. Ọmọ náà sáré tẹ̀ lé wa, igbá lórí, owó lọ́wọ́, ó ń pariwo "Ẹ̀gbọ́n! Ẹ̀gbọ́n!" Ó ju owó náà gba ojú fèrèsé, ó bọ́ sórí ẹsẹ̀ màmá. Màmá kà á: ó pé. Bọ́ọ̀sì ò sì rìn ju ogójì ìṣísẹ̀ lọ tó tún fi dúró. Ọmọ náà rọra rìn bá wa, ó ń tajà fáwọn tó wà níwájú, kò tilẹ̀ wò mí mọ́.

Aago mẹ́sàn-án kọjá ká tó rí Berger. Ní Òwòròńṣòkí ni mo tó mọ̀ pé Kárá kì í ṣe nǹkan kan. Àwa tó ti Berger bọ̀, àwọn tó ti Òṣòdì gba Gbàgádà, àwọn mìíràn tó ti Ìkòròdù wá, orí afárá Third Mainland ni gbogbo wa fẹ́ gbà, bí ẹni ń da omi àgbá mẹ́ta sínú ìgò kan láìlo àrọ. Babangida ló ṣí afárá náà ní 1990, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà méjìlá, kò sì sí èyí tó gùn jù ú lọ nílẹ̀ Áfíríkà títí di 1996 tí Cairo parí tiwọn. Mi ò bínú sí afárá. Ẹni tó kó báǹkì àti ọ́fíìsì jọ sí erékùṣù, tó wá ní kí gbogbo wa lọ máa sùn sí òdì kejì ọ̀sà, òun ni mo ní ọ̀rọ̀ bá sọ. Lápá ọ̀tún, èéfín ẹja ń rú ní Mákòkò, ọkọ̀ ojú omi ń kọjá wa láìkánjú.

Aago méjìlá ku ogún ìṣẹ́jú ni mo wọ ọ́fíìsì náà. Ọ̀gá ti jáde. Akọ̀wé rẹ̀ ní kí n padà wá ní Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́sàn-án. Mo jáde síta, mo pe ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta, mo bi í bóyá àyè ẹní kan wà nílẹ̀ pálọ̀ rẹ̀ lálẹ́ Ọjọ́rú.