Aásó Láàárín Pápá

Ẹni tó bá rí iṣẹ́ mi lórí pápá ilé ìwé kan ní Òkè-Fìà, l'Óṣogbo, lóṣù Karùn-ún á rò pé mo mọ̀ọ́mọ̀ ń dárà ni. Gbogbo ibi tí ẹ̀rọ ìgékoríko mi bá gbà kọjá ló ń dá aásó sí: ilà koríko tẹ́ẹ́rẹ́ kan, kò fẹ̀ ju ìka méjì lọ, á dúró ṣánṣán láàárín ibi tí mo ti gé, bí orí tí onígbàjámọ̀ fá kù. Mà á yí padà, mà á tún gbà á kọjá. Epo ń jó, oòrùn ń mú, iṣẹ́ tó yẹ kó parí láago mẹ́wàá á wọ aago kan. Èyí tó wá dùn mí jù ni àwọn ọmọ ilé ìwé tó ń jókòó sórí pèpéle, tí wọ́n ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Bọ̀dá, ẹ tún padà, ẹ ò tíì fá a tán."

Tòkunbọ̀ ni ẹ̀rọ náà, irú èyí tí èèyàn ń jókòó lé tó ń wà bíi mọ́tò. Èkó ni mo ti rà á lọ́dún 2021, orí ọkọ̀ tó ń kó símẹ́ńtì ló sì bá wọ Òṣogbo. Ibi tó ń gé lẹ́ẹ̀kan fẹ̀ tó íǹṣì 42, ọ̀bẹ méjì ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ìyá Àgbà ni àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ń pè é, torí pé bó bá ti ń gbóná ló ń kùn.

Ẹ́ńjìnnì kọ́ ni mo fẹ́ sọ. Gbogbo wa la ń tọ́jú ẹ́ńjìnnì, torí pé bí ò bá ṣiṣẹ́, iṣẹ́ ti dúró nìyẹn. Dẹ́ẹ̀kì ni mò ń bá bọ̀, irin fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tó wà lábẹ́ ikùn ẹ̀rọ, tó rí bí agbada tí wọ́n fi ń yan gàrí tí wọ́n wá dojú ẹ̀ dé. Inú agbada yẹn ni àwọn ọ̀bẹ ti ń yí. Ọ̀bẹ kọ̀ọ̀kan ní òpó irin kékeré tó gbé e dúró, òpó yẹn jókòó sórí bíárìn méjì, òrùka irin tó ń jẹ́ kó yí gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, bẹ́líìtì sì ń yí púlì tó wà lórí ẹ̀. Odindi ọdún méjì ni mi ò fi yẹ abẹ́ yẹn wò, àfi tí mo bá fẹ́ pọ́n ọ̀bẹ.

Nígbà tí aásó bẹ̀rẹ̀, ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni pé ọ̀bẹ ti jẹ tán. Mo ra tuntun méjì. Mo dé wọn, mo gun ẹ̀rọ, mo bojú wẹ̀yìn. Aásó wà níbẹ̀. Ó tiẹ̀ tún fẹ̀ sí i.

Ìgbà yẹn ni mo gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá kan lápá Gáréèjì Iléṣà. Bàbá Léètì ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ rí ní Machine Tools, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ irin, ọwọ́ wọn sì mọ irin débi pé wọ́n á fi èékánná kan án, wọ́n á sọ ohun tó ń ṣe é fún ẹ.

"Paná ẹ̀."

"Mo ti paná ẹ̀, sà."

"Yọ orí pọ́lọ́ọ̀gì." Mo yọ ọ́. "Kọ́kọ́rọ́ dà?" Mo fún wọn. Wọ́n jù ú sápò ṣòkòtò ara wọn. Wọ́n ní àwọn mọ ẹnì kan tí ìka rẹ̀ ku mẹ́jọ, pé ẹni náà ní òun ti paná ẹ̀rọ, ọmọ rẹ̀ ló lọ fi kọ́kọ́rọ́ ṣeré.

A fi jáàkì gbé iwájú ẹ̀rọ sókè, a ti igi ńlá méjì sábẹ́ ẹ̀, torí pé wọn ò fi ẹ̀mí sọ́wọ́ jáàkì. Bàbá na ọwọ́ sábẹ́, wọ́n di etí ọ̀bẹ ọwọ́ òsì mú, wọ́n mì ín. Ó dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ bí eyín àgbà tó fẹ́ yọ. Wọ́n mì í fún èmi náà kí n fojú ara mi rí i.

"Ọ̀bẹ kọ́ ló ń ṣe ẹ́, ọmọ mi. Ibi tí ọ̀bẹ gbé jókòó ni. Ta ló ń fọ̀ ọ́ fún ẹ?"

Mo ní káwọ́ọ̀ṣì ni mò ń gbé e lọ. Bàbá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi wúkọ́.

Mi ò mọ̀ pé èmi gan-an ni mò ń fi owó ara mi pa á. Omi tí àwọn ọmọ káwọ́ọ̀ṣì ń fi ẹ̀rọ tì jáde yẹn lágbára. Bí wọ́n bá kọjú ẹ̀ sí ibi tí bíárìn wà, á gba ẹ̀gbẹ́ rọ́bà tó bò ó wọlé, á lé gíríìsì jáde, òun fúnra rẹ̀ á sì jókòó síbẹ̀. Ìpẹtà bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Omi nìkan kọ́ o. Nígbà tí a tú òpó náà, a bá nǹkan kan tó lọ́ mọ́ ọn lábẹ́ ọ̀bẹ, dúdú, ó le bí òkúta. Bàbá fi ọ̀bẹ kékeré là á. Okùn ewúrẹ́ wà nínú ẹ̀, irun àtaṣímẹ́ńtì wà nínú ẹ̀, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà sì ti yọ́ bo gbogbo ẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n fi ọ̀dà dì í. Ooru rẹ̀ ló jẹ rọ́bà bíárìn. Pápá ilé ìwé àti gbàgede àríyá ni mo sábà máa ń gé, ibẹ̀ ni gbogbo irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń já bọ́ sí. Látọjọ́ náà, ọmọ iṣẹ́ mi kan á kọ́kọ́ rin pápá já kí n tó gun ẹ̀rọ, á ṣa okùn, á ṣa irun, á ṣa òkúta.

Ẹ má dárúkọ ẹ̀rọ yín fún àwọn tó ń ta bíárìn. Wọn ò fẹ́ mọ̀ ọ́n. Nọ́ńbà ara bíárìn ni kí ẹ kà fún wọn. Tèmi jẹ́ 6203: ihò àárín mìlímítà 17, òde 40, nínípọn 12. Nọ́ńbà yẹn wà nínú ẹ̀rọ ìfọṣọ àti oríṣiríṣi mọ́tò iná, kò ṣòroó rí. Ohun tó yẹ kí ẹ ṣọ́ ni lẹ́tà ẹ̀yìn ẹ̀. Tó bá jẹ́ ZZ, irin pẹlẹbẹ ni wọ́n fi bò ó. Tó bá jẹ́ 2RS, rọ́bà ni, lọ́tùn-ún lósì. Ẹni tó ń gé koríko tútù, 2RS ni kó rà. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ààbọ̀ náírà ni mo ra ẹyọ kan, mo sì ra mẹ́rin, torí pé Bàbá ní òun ò ní pààrọ̀ ti apá kan kí òun fi èkejì sílẹ̀ kí n tún wá pariwo lé òun lórí lóṣù tó ń bọ̀.

Ibẹ̀ ni àtúnṣe tó wù mí jù ti wáyé. Bí wọ́n ṣe ṣe ẹ̀rọ mi, kò síbi tí èèyàn lè gbà fún gíríìsì sínú òpó yẹn. Bàbá lu ihò kan sí ẹ̀gbẹ́ ilé òpó, wọ́n gé ojú ìdè sínú ihò náà, wọ́n sì dé níbù gíríìsì sí i, irú èyí tó wà lábẹ́ mọ́tò. Wọ́n wá fi abẹ́rẹ́ ṣí rọ́bà bíárìn kúrò lápá inú, wọ́n fi ti òde sílẹ̀. Bí gíríìsì bá kún àárín báyìí, á lè wọ inú bíárìn lókè àti nísàlẹ̀, rọ́bà òde á sì dènà iyẹ̀pẹ̀. Ìgbàkígbà tí mo bá fẹ́ fún gíríìsì ọ̀hún, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni kí n fún un o. Àfúnjù á ti rọ́bà òde jáde, a ò sì ní mọ̀ títí á fi tún di kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀.

Mo gbé e délé. Mo gun ẹ̀rọ. Ọ̀bẹ ò mì mọ́, ariwo ti dínkù, ṣùgbọ́n aásó ò lọ. Ó kàn tín-ínrín sí i.

Ó kù díẹ̀ kí n sunkún.

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo gbé ọ̀bẹ àtijọ́ kan ti ọ̀bẹ tuntun kan lórí sìmẹ́ńtì ọ̀dẹ̀dẹ̀, láìní nǹkan kan lọ́kàn. Àfi bí mo ṣe rí i pé orí wọn ò dọ́gba. Mo mú téépù. Ti àtijọ́ fi díẹ̀ dín ní íǹṣì 21, torí pé etí rẹ̀ ti jẹ. Tuntun jẹ́ 20 ààbọ̀. Ẹni tó tà á fún mi ti búra pé ìkan náà ni wọ́n! Ọ̀bẹ méjèèjì gbọ́dọ̀ wọ inú àyè ara wọn díẹ̀ láàárín kí koríko má baà ríbi sá sí. Ààbọ̀ íǹṣì tó dín lára ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ṣí ọ̀nà sílẹ̀.

Wẹ́dà kan ládùúgbò ní kí n má fi owó ṣòfò, pé òun á gé sipíríìngì ọkọ̀ ńlá, òun á jó o mọ́ orí ọ̀bẹ. Lóòótọ́, irin yẹn dára, òun làwọn alágbẹ̀dẹ fi ń rọ àdá. Ṣùgbọ́n mo ní kí ọmọ iṣẹ́ mi bá mi ṣe ìṣirò kan lórí fóònù. Ọ̀bẹ íǹṣì 21 tó ń yí nǹkan bí ìgbà 3,400 láàárín ìṣẹ́jú kan: eré tí etí rẹ̀ ń sá tó kìlómítà 340 ní wákàtí kan. Ọkọ̀ tó bá sá eré yẹn, kò ní lò tó ogún ìṣẹ́jú láti Òṣogbo dé Ìbàdàn. Irin tí wọ́n jó mọ́ra ni kó wá já lójú eré yẹn? Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wẹ́dà. Mo dúró ọ̀sẹ̀ méjì kí ọ̀bẹ tó péye tó dé láti Èkó.

Ìdí tí ẹ̀rù fi ń bà mí rèé. Lọ́dún 2022, mo yọ ike tó bo ẹnu ibi tí koríko ń gbà tú jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ dẹ́ẹ̀kì, torí pé ó máa ń há sára géètì. Ọjọ́ kẹta, òkúta kan gba ibẹ̀ jáde, ó fọ́ gíláàsì Corolla àǹtí kan tó wá gbé ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà ò tíì wọ mọ́tò. Mo san owó gíláàsì, mo dọ̀bálẹ̀, ara mi sì ń gbọ̀n títí ilẹ̀ fi ṣú. Ike yẹn ti sọnù. Nígbà tí a tú dẹ́ẹ̀kì sílẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, Bàbá gé rọ́bà tó máa ń wà lẹ́yìn táyà tírélà, wọ́n fi híńjì ilẹ̀kùn méjì dè é síbẹ̀. Ó wúwo, ó ń padà bò ó fúnra rẹ̀, tó bá sì kan géètì, á tẹ̀.

Wẹ́dà yẹn náà ló bá mi lẹ ibi tí ìpẹtà ti dá ihò sí. Dẹ́ẹ̀kì nìkan ni mo gbé lọ bá a. Mi ò jẹ́ kí iná rẹ̀ sún mọ́ táǹkì epo. Lẹ́yìn náà mo kùn ún ní ọ̀dà pupa tí wọ́n ń fi kun géètì kó má baà dípẹtà. Tẹ́lẹ̀ rí, mo ti fi ọ́ìlì kọ̀ńdẹ́ùn pa abẹ́ rẹ̀. Ẹ má dán an wò. Iyẹ̀pẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn bí ẹ̀kọ mọ́ ewé, ọ́ìlì sì ń kán sórí koríko oníkoríko. Ìgbálẹ̀ àti igi ọparun pẹlẹbẹ ni mò ń lò báyìí, ní gbogbo ìgbà tí mo bá parí iṣẹ́, kí koríko tó gbẹ mọ́ ọn.

Ìdọ́gba ló kù. Mo kọ́kọ́ lọ fẹ́ táyà lọ́dọ̀ fọganáísà, torí pé bí táyà kan bá dẹ̀, irọ́ ni gbogbo ohun tí téépù bá sọ. Lórí sìmẹ́ńtì tó tẹ́jú, mo wọn láti etí ọ̀bẹ dé ilẹ̀, ọ̀tún àti òsì bára mu. Iwájú ni mo wá jẹ́ kó rẹlẹ̀ ju ẹ̀yìn lọ ní nǹkan bíi mìlímítà mẹ́fà. Ọ̀bẹ á fi iwájú gé koríko lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀yìn rẹ̀ ò ní máa fara ha èyí tó ti gé. Àbí kí ni èèyàn ń gé koríko kan náà lẹ́ẹ̀mejì fún?

Ọjọ́ Ajé tó kọjá ni mo padà sí Òkè-Fìà. Ọ̀sẹ̀ ọdún Ọ̀ṣun ti ń sún mọ́lé, iṣẹ́ ti ń wọlé láti ibi gbogbo, mi ò ráyè àtúngé. Mo gba àárín pápá kọjá lẹ́ẹ̀kan, mo bojú wẹ̀yìn. Ó tẹ́jú bí ẹní. Mo gbà á lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀ẹ̀kẹta. Àwọn ọmọ orí pèpéle dákẹ́.

Àfi bí ọmọ iṣẹ́ mi ṣe ké láti igun pápá: "Ọ̀gá! Ọ̀gá, ẹ dúró, nǹkan kan kù níbí o!"

Àyà mi já. Mo paná ẹ̀rọ, mo ju kọ́kọ́rọ́ sápò, mo rìn lọ bá a. Ewúrẹ́ kan ni wọ́n so mọ́ èèkàn nínú koríko gíga, ó ń jẹun tirẹ̀. Mo tú u sílẹ̀. Mo ká okùn rẹ̀, mo kì í bọ àpò kejì.