Iṣẹ́ Ọ̀fẹ́ Lórí Yìnyín: Láti Ìbàdàn Dé Edmonton

Lójú ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà n'Íbàdàn, ẹni tó bá ti rékọjá òkun, owó nìkan ló kù tó ń ká. Ìgbà tó wá gbọ́ pé mo máa ń jáde lálẹ́ nínú òtútù, tí mò ń fi rọ́bà fọ́n omi sílẹ̀ kó lè dì, kí ọmọ ọlọ́mọ lè rí ibi gbá họ́kì orí yìnyín, tí ẹnikẹ́ni ò sì san kọ́bọ̀ fún mi, ó pariwo: "Ìwọ, ọmọ ìyá mi! O dé Kánádà tán, o wá di apọnmi òyìnbó. Lọ́fẹ̀ẹ́!"

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí ju bó ṣe yẹ lọ.

Eré ìdárayá ọmọdé nílé ò le. Òkúta méjì níhìn-ín, méjì lọ́hùn-ún, bọ́ọ̀lù kan, àti bàbá kan tí gbogbo ọmọ àdúgbò ń pè ní kóòṣì. Kò sẹ́ni tó bi í ní ìwé ẹ̀rí. Bó bá gbá ọmọ rẹ létí, wàá tún dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Níbí, kí n tó lè so okùn bàtà yìnyín fún ọmọ ọdún méje, ọlọ́pàá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ̀ mí wò bóyá mo ti bá ọmọdé ṣèṣekúṣe rí. Wọ́n ní ọjọ́ ìbí mi bá ti ọ̀daràn kan mu, kí n wá tẹ̀ka. Ọ̀daràn wo? Wọn kì í sọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì nípa ọ̀wọ̀. Èmi ọmọ Yorùbá, wọ́n jókòó ń kọ́ mi ní ọ̀wọ̀! Inú bí mi. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ̀ẹ́ ká tan ara wa: ọmọ mélòó ni kóòṣì ti bà jẹ́ nílé, tí àwọn àgbà ní kó pa ẹnu mọ́?

Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ò mọ̀ ni pé ìjọba kọ́ ló ń ṣe eléyìí. Edmonton, ìlú tí mò ń gbé, ní ẹgbẹ́ àdúgbò tó lé ní 150; ọdún 1917 ni àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì para pọ̀ di àjọ kan ní 1921. Àwọn aládùúgbò ló ń fọ́n omi sórí pápá, àwọn náà ló ń fa ìlà bésíbọ́ọ̀lù nínú oṣù Okúdù, nígbà tí oòrùn kì í wọ̀ títí aago mẹ́wàá alẹ́ á fi kọjá. Owó ńkọ́? Òfin Alberta, ìpínlẹ̀ tí Edmonton wà, gba irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ láyè kí wọ́n lọ ṣiṣẹ́ nílé tẹ́tẹ́, kí wọ́n sì gba nínú èrè rẹ̀. Èmi tí mo jẹ́ díákónì, mo ti bá wọn ka owó kàsínò wọ ọ̀gànjọ́ òru. Pásítọ̀ mi ò tíì gbọ́.

Àmọ́ kì í ṣe torí eré ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀. Ìdánìkanwà ni. Nílé, o ò lè dá wà bó o tiẹ̀ fẹ́. Níbí, aládùúgbò á fi rìmóòtù ṣí gáráàjì, á wakọ̀ wọlé, ilẹ̀kùn á padé, ó dàárọ̀. Nígbà òtútù tí mo kọ́kọ́ bá pàdé, ohùn obìnrin inú ẹ̀rọ báńkì ló ń bá mi sọ̀rọ̀ jù.

Pápá yìnyín ló la ẹnu wọn. A kì í da omi rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, a ó dúró kó dì, a ó tún fọ́n òmíràn lé e. Ẹni méjì kì í dúró pọ̀ nínú òtútù ìwọ̀n 25 nísàlẹ̀ òdo kí wọ́n má sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti mọ ẹni tíṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ àti ẹni tí ìyàwó rẹ̀ kó jáde. Nígbà tí bàbá wa kú, wọ́n fi orúkọ ara wọn sí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń gbé oúnjẹ wá sẹ́nu ọ̀nà mi, wọ́n ń tẹ aago, wọ́n ń sá lọ. N'Íbàdàn, àwọn tó wá bá wa kẹ́dùn kún ilé fọ́fọ́, wọ́n sunkún tọkàntọkàn, wọ́n sì mú kí ẹ̀gbọ́n mi jẹ gbèsè. Mi ò mọ èyí tí màá yàn nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n mo mọ èyí tí mo ṣì ń san gbèsè rẹ̀ dòní.

"Eré òyìnbó ṣáà ni," ẹ̀gbọ́n mi tún wí. Mo bi í bóyá ó gbọ́ orúkọ Jarome Iginla rí. Ọmọ Yorùbá ni bàbá rẹ̀, Adékúnlé wà lára orúkọ rẹ̀, Edmonton ni wọ́n bí i sí ní 1977. Ó gbá bésíbọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ Kánádà. Góòlù 52 ló jẹ nínú NHL, líìgì họ́kì tó ga jù ní Àríwá Amẹ́ríkà, ní sáà 2001 sí 2002, ó sì gba wúrà Òlíḿpíìkì ní 2002. Ṣé ìjọba ló so okùn bàtà rẹ̀ nígbà tó wà ní kékeré?

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó wá ní ó dáa, ìgbà wo ni mò ń bọ̀ wálé?

Mo ní tí bésíbọ́ọ̀lù bá parí.

Ó ní lọ́dún tó kọjá, tí họ́kì bá parí ni mo wí.