Olóbẹ̀ ló lọkọ, àbí olófíò?

Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, mo ra kóńgò òfíò kan, dàbínù ọ̀rá kékeré kan àti àgbọn méjì lọ́jà Bódìjà. Mi ò tíì sọ ohun tí mo fẹ́ fi wọ́n ṣe tí àbókí tó ń tà á ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Màdáámù, ọ̀gá á gbádùn o." Ojú gbà mí tì. Mo sanwó, mi ò tiẹ̀ lè ná an mọ́, bẹ́ẹ̀ mo mọ̀ pé ó rẹ́ mi jẹ.

Voice note kan ló fà á. Ta ni kò tíì gbọ́ ọ? Obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òwú ń ṣàlàyé pé bí ìfẹ́ bá ti ń tutù láàárín tọkọtaya, òfíò, dàbínù àti àgbọn ni kí ìyàwó lọ̀ pọ̀ fún ọkọ. Gúrúùpù àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti kọ́kọ́ rí i, kó tó tún dé ti àwọn òbí nílé ìwé. Bàbá Ìbejì tèmi kò yí padà o. Ṣùgbọ́n ọdún kẹrìnlá ìgbéyàwó kì í ṣe ọdún kìn-ín-ní, ẹ kúkú mọ̀.

Òfíò gbígbẹ le bí òkúta wẹ́wẹ́, nítorí náà mo rẹ ẹ́ mọ́jú. Mo yọ kóró inú dàbínù, mo gé àgbọn sí wẹ́wẹ́, mo fi atalẹ̀ àti kànáfùrù díẹ̀ sí i, mo lọ̀ ọ́, mo fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ. Ohun tí àwọn Hausa ń pè ní kunun aya nìyẹn. Òfíò kì í ṣe èso igi rárá, kókó tí koríko kan máa ń ta sábẹ́ ilẹ̀ ni. Ní Valencia, nílẹ̀ Spain, wọ́n ń fi òfíò yìí kan náà ṣe ohun mímu tí wọ́n ń pè ní horchata. Tọmọdé tàgbà ló ń mu ún ní títutù nígbà ooru, láìsí àbókí tó ń rẹ́rìn-ín sí wọn.

Ohun tí mi ò rò ni pé wọ́n mú iná lọ láti ọ̀sán, ohun mímu mi sì wà nínú fíríìjì tí kò tutù. Bàbá Ìbejì mu ife méjì. Ó ní ó dùn. Nígbà tó di aago kan òru, ó dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọkàn mi sọ kúlú. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló gbà lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló lọ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ìyá alágbo àdúgbò wa fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀rín ya aṣọ mọ́ra. "Ìyá Ìbejì, ìwọ náà lo ń rọ nǹkan dídùn sọ́kọ lẹ́nu! Ṣé o fẹ́ kí jẹ̀dí gba okun ẹ̀yìn rẹ̀ ni?" Ó tún fẹ́ ta àgbo fún mi. Ìgbà yẹn ni mo wá ronú sí i. Gbogbo wa la gbọ́ ọ dàgbà pé ṣúgà àti nǹkan dídùn ló ń fa jẹ̀díjẹ̀dí, pé òun ló ń sọ ọkùnrin di ọ̀lẹ lórí ẹní. Báwo wá ni dàbínù, tó dùn ju ṣúgà lọ, ṣe di oògùn rẹ̀? Ẹni kan ń ta dídùn, ẹnì kejì ń ta kíkorò tó ń lé dídùn jáde, àwọn méjèèjì ń rí jẹ. Èmi ni mo ń sanwó.

Nígbà tí wọ́n ń fà mí fọ́kọ ní 2011, wọ́n fi oyin kàn mí lẹ́nu, wọ́n gbé àádùn àti ìrèké kalẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ pé yóò ṣe nǹkan kan fún okun ẹnikẹ́ni. Àdúrà ni wọ́n ń fi ṣe.

Ìyá ìyá mi kò gba òfíò gbọ́. "Olóbẹ̀ ló lọkọ" ni tirẹ̀, àgàgà tí mo bá ti da iyọ̀ jù. Òun náà ló sọ ìtàn Ọbà fún mi. Ọbà, ìyàwó Ṣàngó, rí i pé ọbẹ̀ Ọ̀ṣun, orogún rẹ̀, ni Ṣàngó ń sáré jẹ. Ó lọ bi Ọ̀ṣun léèrè àṣírí ibẹ̀. Ọ̀ṣun ti we gèlè bo etí méjèèjì, ó ní etí òun lòun gé sínú ọbẹ̀. Ọbà délé, ó gé tirẹ̀, ó sè é. Ṣàngó rọ ọbẹ̀ sórí àmàlà, ó rí etí, ilé gbóná. Ní Brazil, níbi tí wọ́n ti ń bọ àwọn òrìṣà wa títí dòní, bí Ọbà bá gun elégùn, ọwọ́ ló máa ń fi bo etí jó. Odò Ọbà sì ń ṣàn lọ pàdé odò Ọ̀ṣun níbí.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, etí ló ń bà mí lẹ́rù. Nísinsìnyí, ọbẹ̀ tí Ọbà ń sè kó tó lọ gbàmọ̀ràn ni mo ń rò. Bóyá kò tiẹ̀ burú. Ìyá àgbà kò sọ ọ́ rí. Gèlè Ọ̀ṣun yẹn sì jọ voice note lójú mi.

Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, inú Bàbá Ìbejì ti balẹ̀, ó ní òun ń bọ̀. Bọ̀ọ̀lì méjì ló gbé dé, ọ̀kan jóná díẹ̀ bí mo ṣe máa ń fẹ́ ẹ, pẹ̀lú ẹ̀pà nínú ìwé ìròyìn. Bó ṣe máa ń rà á fún mi nìyẹn níwájú géètì Yunifásítì Ìbàdàn nígbà tó ń dẹnu kọ mí. Mo bi í léèrè ta ló sọ fún un nígbà náà pé bọ̀ọ̀lì ń mú ọkàn obìnrin.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ebi ló máa ń pa ẹ́."

Mo jẹ èyí tó jóná, mo bu ìdajì èkejì fún un. Nítorí inú rẹ̀, mi ò fún un lẹ́pà.